Mọnsítẹ́rà mi tó ní funfun ti ń jóná létí, ṣé kí n gé e ni àbí kí n fi í sílẹ̀?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Lóṣù kẹjọ ni mo ra igi inú ilé kan, mọnsítẹ́rà tó ní funfun lára yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní Albo, iye tí mo rà á mi ò ní kọ ọ́ síbí torí ọkọ mi máa ń ka nǹkan yín. Ewé mẹ́ta ló ní nígbà yẹn, ó ti di márùn-ún báyìí. Etí wíńdò palọ̀ ni mo gbé e sí, wíńdò tó kọjú sí gúúsù, torí wọ́n sọ lórí YouTube pé ibẹ̀ ló dáa jù. Láràárọ̀ ni mo máa ń bu omi ife kan sí i. Ó ń ṣe dáadáa títí di bí ìparí oṣù kọkànlá, ni apá funfun bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ látetí, bí ìwé tí iná jó. Ewé tó yọ kẹ́yìn funfun báláú, mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ pé igi yìí ti gbọ́ èdè mi, àfi bí òun náà ṣe tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n da fatiláísà sí i, àǹtí mi ní kí n gbé e síta kó rí oòrùn. Ṣé ó ń kú lọ ni? Ṣé kí n gé àwọn ewé yẹn? Mi ò sì fẹ́ kí funfun ẹ̀ lọ o." Láti Lẹ́kkí.

Ẹ pẹ̀lẹ́ màdáàmù, ẹ bá mi kí bọ̀ọ̀dá, ẹ ní mi ò dá sí ọ̀rọ̀ owó. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kúrò ńbẹ̀, mo wo fọ́tò mẹ́rin tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ yẹn dáadáa, mo fẹ̀ wọ́n títí, igi yín ò kú lọ. Ara igi ṣì le, àwọn ewé tó wà nísàlẹ̀ ń dán, ibi tó ti ń yọ ewé tuntun lókè ṣì tutù yọ̀yọ̀. Nǹkan mẹ́ta ló pàdé lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìkẹrin sì ni èyí tẹ́ ẹ̀ ń dúpẹ́ lé lórí yẹn, ewé funfun báláú. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí tí ìyẹn ò bá yé yín, gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn ẹ̀, etí kan ló máa gbà wọlé, á gba ìkejì jáde.

Funfun ara ewé yẹn, kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n kùn sí i o. Ibi tó funfun ni ibi tí nǹkan ò sí. Àwọ̀ ewé tá à ń rí lára igi gbogbo, òun ni èròjà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí igi fi ń se oúnjẹ, ibi tí kò bá ti sí, ààrò ò sí ńbẹ̀ nìyẹn, kò lè se nǹkan kan, oúnjẹ tí apá aláwọ̀ ewé bá sè ni àwọn méjèèjì jọ máa jẹ. Ẹni tó bá ti dáko àgbàdo rí á mọ nǹkan tí mò ń sọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ máa rí ẹyọ kan tó hù funfun pátá láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, á rẹwà gan-an, àwọn ọmọdé á máa pe ara wọn wá wò ó, kó tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti kú, torí oúnjẹ inú hóró tó ti hù jáde ló ń jẹ, tí ìyẹn bá ti tán, kò ní ibi tó ti máa rí òmíràn. Ewé funfun tiyín ò kú bíi ti àgbàdo yẹn torí ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń bọ́ ọ, àmọ́ gbogbo bí funfun bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu tó ń jẹ ń pọ̀, tí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ń dín kù. Ẹ̀ẹ̀kejì, awọ ibi funfun yẹn kò lágbára. Bí oòrùn ọ̀sán ṣe máa ń jó awọ àfín kíá ló ṣe ń jó o, ohun tí ewé yòókù máa fara dà láìmira, ibi funfun ò lè gbà á. Kódà kẹ́ ẹ ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ, ibi funfun náà ló máa kọ́kọ́ gbó, òun ló máa kọ́kọ́ gbẹ létí. Mi ò tíì rí Albo tó dàgbà tí ò ní ojú àpá kankan, tẹ́ ẹ bá rí i nínú fọ́tò, wọ́n ti fi fóònù nu ojú ẹ̀ ni.

Báwo ló tiẹ̀ ṣe di funfun? Mọnsítẹ́rà fúnra ẹ̀, ìtàkùn ni, igbó gúúsù Mẹ́síkò títí wọ Panama ló ti wá, ara igi ńlá ló máa ń gùn lọ sókè lọ́hùn-ún. Ẹbí kókò ni, kókò tá à ń sè jẹ yìí náà, ìdí nìyẹn tí oje ẹ̀ fi máa ń yún èèyàn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tàbí ajá ge ewé ẹ̀ jẹ, ẹnu wọn á máa ta wọ́n bí ìgbà téèyàn jẹ kókò tí ò jinná. Èyí tó ní funfun yìí, èèṣì kan ló ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹ̀. Ní ṣóńṣó orí tó ti ń yọ ewé, oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló jọ ń gbé, àwọn kan ń ṣe àwọ̀ ewé, àwọn kan ò lè ṣe é. Bí wọ́n bá ṣe pín ara wọn lọ́jọ́ tí ewé ń dì nínú lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa jáde, bíi ká sọ pé òwú funfun àti òwú aró wà lọ́wọ́ aláṣọ òfì, àmọ́ aláṣọ òfì tó ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́. Òní á mú funfun jù, ọ̀la á mú aró jù. Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún un. Ẹ má dá àwọn tó ń sọ pé tẹ́ ẹ bá fi oòrùn sí i á funfun sí i, tẹ́ ẹ bá gbé e síbòji á padà di aláwọ̀ ewé, lóhùn, ìmọ́lẹ̀ kọ́ ló ń pín in. Kò sì gba inú èso kọjá sọ́mọ, ara igi nìkan ni wọ́n ń gé tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, torí náà ẹni tó bá ní òun ń ta hóró Albo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sá fún un. Ó ní ìbátan kan tí wọ́n ń pè ní Thai Constellation, tiẹ̀ dà bíi kí wọ́n fọ́n mílíìkì sí ewé lára, ilé àyẹ̀wò ní Thailand ló ti jáde, ìyẹn dúró sójú kan ju Albo lọ. Fọ́tò yín fi hàn pé Albo gidi lẹ ní, funfun ẹ̀ mọ́, ó sì pín ní gbàǹgbà gbàǹgbà, wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ wíńdò. Èyí ló dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà yín, torí ẹ ti fẹnu ara yín sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìmọ̀. Àwọn YouTube yẹn ò parọ́, ibi tí wọ́n jókòó sí ni wọ́n ń sọ. Ní London tàbí New York, láti January dé December, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà, ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé wíńdò gúúsù ni ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn. Ní Èkó, kò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn tiwa ń lọ ó ń bọ̀ lórí wa ni. Láti bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá díẹ̀ ló máa ń wà lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn náà á wá máa sún lọ sí gúúsù, nígbà tó bá fi máa di oṣù kejìlá ó ti lọ jìnnà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé lábẹ́ etí òrùlé, gba wíńdò gúúsù. Oṣù kẹjọ lẹ gbé igi yẹn síbẹ̀, àsìkò tí oòrùn wà lẹ́yìn ilé yín, tí kùrukùru òjò tún bo ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ tútù ló ń rí, inú ẹ̀ ń dùn. Oṣù kọkànlá, òjò lọ, oòrùn wá kọjú sí wíńdò yẹn gan-an, ó sì ń gba ara gíláàsì wọlé. Ẹ ò sún igi, igi ò sún, oòrùn ló sún. Ẹ wo fọ́tò kejì, ẹ ó rí i pé apá tó kọjú sí wíńdò nìkan ló jóná, ó gbẹ fúríkí bíi bébà, apá tó kọjú sínú ilé ṣì wà bó ṣe wà. Oòrùn nìyẹn.

Ẹ sún un sẹ́yìn kúrò létí gíláàsì, bí ìwọ̀n nínà apá kan, tàbí kẹ́ ẹ ta kọ́tìnì fẹ́lẹ́ẹ́ sáàárín wọn títí di bí oṣù kẹta. Tẹ́ ẹ bá ní wíńdò tó kọjú sí ìlà oòrùn, ìyẹn gan-an ló dáa jù, oòrùn àárọ̀ títí di bí aago mẹ́sàn-án kì í ṣe é ní nǹkan. Ẹ má wá tìtorí ohun tí mo sọ yìí gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n o, igi tí ìdajì ara ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ nílò ìmọ́lẹ̀ ju èyí tó ṣiṣẹ́ tán lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, tí ò gbóná, ìyẹn ló fẹ́. Àǹtí yín ò jẹ̀bi pátápátá náà, tẹ́ ẹ bá ní bàràńdà tó ní òrùlé tàbí abẹ́ igi máńgòrò, ìta á tẹ́ ẹ lọ́rùn ju palọ̀ lọ. Ìta gbangba ni ò gbà. Èmi náà ti ṣe é rí, ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo gbé Albo mẹ́rin síta lọ́sàn-án kí n lè ya fọ́tò wọn fún kọ́sítọ́mà, mo ní kí n tètè lọ jẹ àmàlà ná, mo pàdé ọ̀rẹ́ mi ńbẹ̀, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìdí àmàlà ṣe máa ń rí, nígbà tí mo dé mi ò rí nǹkan kan lára wọn, inú mi dùn. Ọjọ́ kejì ni gbogbo funfun ẹ̀ di àwọ̀ ẹ̀kọ tó jóná nísàlẹ̀ ìkòkò. Àmàlà tó wọ́n jù tí mo jẹ láyé mi nìyẹn.

Omi wá ńkọ́? Ife kan láràárọ̀, màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Àmọ́ gbòǹgbò mọnsítẹ́rà fẹ́ mí, ara igi níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ló ti máa ń di nǹkan mú níbi tó ti wá, kì í ṣe inú ẹrẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ń tutù lójoojúmọ́, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, gbòǹgbò tó ti jẹrà ò lè fa omi mọ́, á wá di pé igi wà nínú omi, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ewé á máa gbẹ, ẹ̀yin náà á tún rò pé omi ò tó, ẹ á tún bu sí i. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń fọwọ́ ara wọn pa á nìyẹn. Ẹ wá igi sùyà kan, ẹ gún un wọnú ilẹ̀ yẹn títí dé ìsàlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ fà á yọ. Tí ilẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, tó tutù, ẹ má fún un lómi. Tó bá jáde ní gbígbẹ dé bí ìdajì, ẹ da omi sí i dáadáa títí á fi máa ṣàn nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ dà èyí tó wà nínú àwo nù, ó parí, ó di ìgbà tí igi sùyà bá tún sọ. Nínú palọ̀ tí AC ń ṣiṣẹ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀.

Nínú fọ́tò kẹta, mo rí ewé ìsàlẹ̀ kan tí etí ẹ̀ dúdú, tí yẹ́lò rọ̀gbà yí dúdú yẹn ká, ìyẹn ò jọ ti oòrùn, ó jọ ti omi. Mi ò sì lè fojú fóònù rí gbòǹgbò, ẹ̀yin lẹ máa bá mi wò ó. Ẹ rọra dojú ike yẹn dé, kẹ́ ẹ fa igi náà yọ. Gbòǹgbò tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀, tó le, kò sí wàhálà, ẹ dá a padà. Èyí tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, tó ń rùn, tí awọ ẹ̀ ń bọ́ tẹ́ ẹ bá fà á, ẹ gé e kúrò kẹ́ ẹ pààrọ̀ ilẹ̀. Ilẹ̀ tí àwa tá à ń ta òdòdó létí títì máa ń lò, ilẹ̀ dúdú tá a pò mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, tá a dì sínú náílọ́ọ̀nù, ó dáa fún kùrótọ́ọ̀nù àti ìsọ̀rí ẹ̀ tó wà níta, kò dáa fún eléyìí, ó ń di omi mú jù. Èmi máa ń lo èèpo àgbọn tí mo gé wẹ́wẹ́ bí ìdajì, tí mo ti rẹ sómi tí mo sì fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí iyọ̀ ara ẹ̀ lè jáde, mo máa ń fi èédú tí mo fọ́ kéékèèké sí i, èèpo ìrẹsì, àti ilẹ̀ dúdú díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá da omi sí i, ó yẹ kó kọjá wìì. Ike tó bá sì rẹwà tí kò ní ihò nídìí, ẹ máa fi kó rẹ́mótù sí.

Fatiláísà tí ẹni tó tà á ní kẹ́ ẹ dà sí i, rárá o, kì í ṣe báyìí. Mi ò sọ pé oníbàjẹ́ ni, ohun tí gbogbo wa máa ń sọ fún kọ́sítọ́mà tá à bá ráyè nìyẹn. Fatiláísà ò lè sọ ibi funfun di aláwọ̀ ewé, ìyà oúnjẹ kọ́ ló sọ ọ́ di funfun. Tí gbòǹgbò bá sì ti ń ṣàìsàn, iyọ̀ inú NPK á tún jó o lé e, etí ewé náà ló sì máa ń ti hàn, ẹ ò wá ní mọ èyí tó jó o mọ́. Nígbà tó bá ti ń yọ ewé dáadáa lásìkò òjò, NPK 15-15-15, ìdajì ṣíbí tíì nínú omi lítà mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó tó.

Ìkẹta nínú àwọn tó pàdé lára ẹ̀ ni ọyẹ́ pẹ̀lú AC. Lẹ́kkí sún mọ́ òkun, omi máa ń wà nínú atẹ́gùn ibẹ̀ jálẹ̀ ọdún, ọyẹ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ yín bíi ti àwa ará Ìbàdàn, àmọ́ AC ń ṣe iṣẹ́ ọyẹ́ lójoojúmọ́, ó ń fa omi inú atẹ́gùn jáde. Kí ẹnu AC má kọjú sí i. Fífọ́n omi sí ewé lára tí gbogbo èèyàn ń ṣe yẹn, kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó kọjá ó ti gbẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, ẹ kó àwọn igi yín sójú kan kí wọ́n jọ máa mí sí ara wọn, ìyẹn sàn díẹ̀. Àsìkò yìí náà ni kòkòrò pupa wíníwíní tó ń tàwú bí aláǹtakùn máa ń dé, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo abẹ́ ewé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i, òróró dóńgóyárò pẹ̀lú ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀ nínú omi, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kí oòrùn má bá a lára ibi funfun.

Ó kù síbi gígé tẹ́ ẹ bi mí. Ibi tó ti gbẹ ò ní padà tutù mọ́, ẹ gbàgbé ìyẹn. Tó bá ń bí yín nínú, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ibi tó gbẹ nìkan, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ku tín-ń-tín nínú gbígbẹ yẹn, tẹ́ ẹ bá gé wọnú ibi tó ṣì yè, ojú ọgbẹ́ tuntun náà á tún gbẹ. Ewé tó bá ṣì ní àwọ̀ ewé lára, ẹ má já a, òun ló ń se oúnjẹ. Ewé funfun báláú yẹn gan-an, ẹ jẹ́ kó wà, kó ṣáà rẹwà ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó bá máa lò. Ara igi ni kẹ́ ẹ lọ wò. Ẹ ó rí ìlà funfun àti ìlà aláwọ̀ ewé tó gba ara ẹ̀ lọ sókè, ní oríkèé kọ̀ọ̀kan ojú kan wà tó rí kóńkóló bí ojú iṣu, ibẹ̀ ni ẹ̀ka tuntun ti ń yọ, àwọ̀ tó bá sì wà níbi tí ojú yẹn jókòó sí ni ẹ̀ka náà sábà máa ń mú wá. Tí ewé tó ń bọ̀ bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé lára, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Tó bá tún funfun báláú, tí òkè ara igi náà sì ti funfun yíká, ẹ máa gé e, kẹ́ ẹ padà sísàlẹ̀ sí oríkèé tí ojú ẹ̀ jókòó sáàárín funfun àti ewé, kẹ́ ẹ gé e díẹ̀ sókè ibẹ̀, ọ̀bẹ tẹ́ ẹ ti fi sípíríìtì nù. Bákan náà ni tó bá di aláwọ̀ ewé pátá lọ́jọ́ iwájú, torí apá aláwọ̀ ewé lágbára, á dàgbà kọjá èkejì, funfun á sì lọ lóòótọ́. Èyí tẹ́ ẹ gé kúrò lókè, tó bá funfun tán, ẹ má wulẹ̀ fi sómi pé ẹ fẹ́ kó ta gbòǹgbò, kò lè bọ́ ara ẹ̀ láéláé.

Mi ò ní purọ́ fún yín, gígé igi tó ní ewé márùn-ún péré, ewu wà ńbẹ̀, ó lè jókòó fún oṣù méjì kó má yọ nǹkan, ó sì lè yọ èyí tẹ́ ẹ ò fẹ́. Torí ẹ̀ ni mo fi ní kẹ́ ẹ má gé e nínú ọyẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí òjò oṣù kẹrin bẹ̀rẹ̀, kí gbòǹgbò ti le. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ bá a wá pákó kan tí wọn ò tíì kun kẹ́míkà sí lára, pákó sọ́míìlì tó ní háráhárá, ẹ rì í mọ́ inú ike, kẹ́ ẹ fi okùn aṣọ so ara igi mọ́ ọn, kì í ṣe ọrùn ewé. Ìtàkùn ni, tí kò bá rí nǹkan gùn, ewé ẹ̀ ò ní tóbi, kò sì ní là bó ṣe yẹ.

Tí gbogbo eléyìí bá sì ti pọ̀ jù fún yín, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní New Zealand lọ́dún 2020, èèyàn kan fi dọ́là ibẹ̀ 8,150 ra ìbátan mọnsítẹ́rà kan tó ní funfun, ewé mẹ́rin péré, láti ìgbà yẹn ni orí gbogbo ayé ti dàrú sí nǹkan wọ̀nyí, owó ẹ̀ sì ti já wálẹ̀ gan-an nílẹ̀ òkèèrè. Mọ́nì plánǹtì tó ní yẹ́lò lára tó ń gun ẹ̀yìn ilé àwọn èèyàn, ẹbí kan náà ni wọ́n, ó ní adíkálà tirẹ̀, owó tí wọ́n fi ń ra búrẹ́dì lẹ máa fi rà á, tó bá rí igi ọ̀pẹ gùn, ewé ẹ̀ á fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ. Òun ló wà ní palọ̀ tèmi. Àwọn Albo wà níta lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, níbi tí mo ti lè máa ṣọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá ti wo gbòǹgbò yẹn tán, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú ti ara igi láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kí n lè fi ibi tẹ́ ẹ máa gé hàn yín tó bá dìgbà òjò.